Ìkòkò Kọ́ ni Ìṣòro, Ọ̀nà ni: Ìtàn Epo ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀rọ̀ Ilé Ìfọpo

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ipò tí epo bẹntiróòlù àti epo dísù wà nínú ayé ará Ìbàdàn, kí ó jí lọ sí Ọjà Bódìjà ní kùtùkùtù. Ọkọ̀ ńlá tó kó tòmátì, ẹ̀wà àti àlùbọ́sà láti Òkè Ọya yóò ti máa já ẹrù. Àwọn tó ń lọ ata yóò ti máa ta ẹ̀rọ wọn jí. Lọ́dọ̀ àwọn onípákó, ariwo ẹ̀rọ tó ń la igi kì í dákẹ́. Bí a bá sì kọjá sí àdúgbò Bódìjà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ fètò kọ́ ní ìparí àwọn ọdún 1950, ilé tí kò ní jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé kò wọ́pọ̀. Àwọn tó fètò àdúgbò náà la títì, wọ́n sì ri òpó iná mọ́lẹ̀; wọn kò rò ó pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí onílé kọ̀ọ̀kan yóò máa pèsè iná fún ara rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀wọ́ngógó epo bá dé, kì í ṣe ẹni tó ní mọ́tò nìkan ni ọ̀rọ̀ kàn. Ìyá tó ń ta ata, ẹni tó ń dáná ìrẹsì tà, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé Agbowó, aláìsàn tó wà lórí ibùsùn ní ilé ìwòsàn, gbogbo wọn ni yóò jẹ nínú rẹ̀. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè kan máa ń jáde lórí rédíò, nínú ọkọ̀ èrò àti ní ibi ayẹyẹ: èéṣe tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò fi kọ́ ilé ìfọpo tirẹ̀? Ṣé a kò ní owó ni, àbí a kò ní ọgbọ́n?

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀, kò sì yẹ kí a fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú; bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí Ìbàdàn ti ń lo epo tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Ẹ jẹ́ kí á wo ẹ̀yìn wò, kí á mọ ibi tí ẹsẹ̀ wa ti yọ̀.

Bí epo ṣe dé Ìbàdàn

Láyé àtijọ́, epo pupa ni àwọn baba wa ń bù sí fìtílà, igi ni wọ́n sì fi ń dáná. Ní ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin láti Èkó bẹ̀rẹ̀ sí wọ Ìbàdàn. Kò pẹ́ tí kẹrosíìnì, èyí tí a ń pè ní epo òyìnbó, fi di ohun tí a ń rí nínú ilé. Ní ọdún 1906, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ ètò ọkọ̀ mọ́tò láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, ọ̀kan nínú àwọn ojú ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ tí a wá ń pè ní Nàìjíríà. Epo tí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ń mu, òkè òkun ni ó ti wá. Ó gun ọkọ̀ ojú omi dé Èkó, ó sì gun ọkọ̀ ojú irin dé ọ̀dọ̀ wa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, epo Ìbàdàn kò ṣàì gba ọ̀nà Èkó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ilẹ̀ Yorùbá gan-an wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ wá epo rọ̀bì ní orílẹ̀-èdè yìí. Ní ọdún 1908, ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Nigerian Bitumen Corporation bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ kànga ní agbègbè Àràrọ̀mí, ní apá ibi tó di Ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí, nítorí ọ̀dà ilẹ̀ tó ń sun jáde níbẹ̀. Ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1914 ló dá iṣẹ́ náà dúró. Nígbà tí ìwádìí tún bẹ̀rẹ̀, ìhà Náíjà Dẹ́tà ni oríire náà bọ́ sí: ní 1956 ni Shell-BP rí epo tó tó tà ní Oloibiri, ní 1958 sì ni epo rọ̀bì Nàìjíríà àkọ́kọ́ lọ sí ọjà àgbáyé.

Ẹ kíyè sí i pé a ti ń ta epo rọ̀bì fún bí ọdún méje kí a tó ní ilé ìfọpo kankan. Ọdún 1965 ni èyí àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Alesa-Eleme, nítòsí Port Harcourt. Àgbá 35,000 ni ó lè fọ̀ lójúmọ́ nígbà náà. Wọ́n kọ́ ọ síbẹ̀ nítorí pé kànga epo wà nítòsí, èbúté sì wà nítòsí. Ohun méjì yìí, epo rọ̀bì àti èbúté, ni kí ẹ jọ̀wọ́ fi sí ọkàn, nítorí a óò tún padà bá wọn.

Ìwádìí ọdún 1975 àti dẹ́pò Apátá

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, owó epo wọlé, mọ́tò sì pọ̀ sí i ní ojú títì. Ní 1973, ìjọba ológun pàṣẹ pé iye kan náà ni kí a máa ta epo ní gbogbo orílẹ̀-èdè, ìbáà jẹ́ Èkó, Ìbàdàn tàbí Maiduguri. Ní 1975 wọ́n dá àpò owó kan sílẹ̀ tí a ó fi máa san owó ìkẹ́rù fún àwọn tó ń gbé epo lọ sí ọ̀nà jíjìn, kí iye owó má bàa yàtọ̀. Àṣẹ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n àṣẹ kì í gbé epo. Ọkọ̀ ni ó ń gbé e. Ọkọ̀ kò tó, ibi tí a lè kó epo pamọ́ sí kò tó, ilé ìfọpo kan ṣoṣo kò sì tó. Ní àárín ọdún 1970 wọ̀nyẹn, ìlà ọkọ̀ ní ilé epo gùn títí, ọ̀wọ́ngógó di ohun tí gbogbo ìlú ń kígbe lé lórí.

Ìgbà yẹn ni ìjọba ṣe ohun tí ó bójú mu. Ní 1975, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Chukwudifu Oputa láti wádìí ìdí tí epo fi wọ́n. Láàárín ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìwádìí yẹn, nǹkan méjì ni orílẹ̀-èdè yìí kọ́. Ọ̀kan ni ilé ìfọpo: ti Warri bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978, ti Kàdúná ní 1980. Èkejì, tí a kì í sábà mẹ́nu bà, ni ọ̀pá epo tó gùn tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà, pẹ̀lú dẹ́pò bí ogún káàkiri, kí epo tí a ti fọ̀ lè máa ṣàn lábẹ́ ilẹ̀ dé tòsí àwọn tí yóò lò ó.

Ibẹ̀ ni Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1976, ti rí ìpín tirẹ̀. Wọ́n ri ọ̀pá láti èbúté Atlas Cove ní Èkó lọ sí Mosimi nítòsí Ṣàgámù, láti Mosimi lọ sí Apátá ní Ìbàdàn, láti Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin. Ẹ̀ka kan yà sí Èjìgbò ní Èkó, òmíràn yà sí Ọ̀rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọkọ̀ ojú omi yóò já epo sílẹ̀ ní etí òkun, ẹ̀rọ yóò tì í, epo yóò sì jáde ní Apátá láìjẹ́ pé ọkọ̀ agbépo kan tẹ títì Èkó sí Ìbàdàn. Alágbàtà tó ń gbé epo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí tàbí Òṣogbo kò nílò láti rí Èkó sójú.

Ọ̀pá epo kò bìkítà ibi tí a ti fọ epo. Ó lè jẹ́ Port Harcourt ni ọkọ̀ ojú omi ti gbé e wá, ó lè jẹ́ ilẹ̀ òkèèrè. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń sọ ọ̀nà jíjìn di tòsí. Ìgbà tí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, Ìbàdàn dà bí ìlú tó ní ilé ìfọpo lẹ́yìnkùlé, bẹ́ẹ̀ ni kò ní.

Bí ọ̀nà ṣe bàjẹ́

Ohun tí a kò bá tọ́jú kì í pẹ́ bàjẹ́. Àwọn ọ̀pá náà gbó, ìtọ́jú wọn dínkù, àwọn olè sì kọ́ bí a ti ń lu wọ́n jo. Ẹ kò lè gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Abúlé Ẹ̀gbá ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 2006, nígbà tí ọ̀pá epo tí àwọn olè bẹ́ gbiná, tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn sì jóná níbi tí wọ́n ti ń bu epo. Ní oṣù keje ọdún 2009, àwọn ajagun Náíjà Dẹ́tà kọlu Atlas Cove fúnra rẹ̀, wọ́n pa òṣìṣẹ́ márùn-ún. Ní 2012, nígbà tí àwọn ẹnjinníà NNPC lọ tún ọ̀pá tó bẹ́ ní Arepo, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ṣe, wọ́n yìnbọn pa lára wọn. Arepo yìí wà lójú ọ̀nà epo tó ń bọ̀ wá sí Mosimi àti Ìbàdàn. Nígbà tí ọ̀nà ọ̀fun bá dí, kí ni ikùn yóò rí gbà?

Bí ọ̀pá ti ń kú lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ agbépo ń pọ̀ sí i. Títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí a ṣí ní 1978 fún ìrìn-àjò ènìyàn àti ẹrù, wá di ọ̀pá epo tó ń rìn lórí táyà. A sì ń fi ẹ̀mí san owó rẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá ọdún 2000, ọkọ̀ agbépo kan pàdánù ìjánu ní ojú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn, ó ya lu ọ̀wọ́ ọkọ̀ tó dúró níbi tí ọlọ́pàá ti ń yẹ ọkọ̀ wò, iná sọ. Ó kéré tán, ọgọ́rùn-ún ènìyàn ló kú. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Ṣàgámù tàbí ọ̀nà Ifẹ̀ déédéé mọ̀ pé ìjàǹbá náà kì í ṣe ti ọjọ́ yẹn nìkan.

Nígbà tí epo bá sì gba orí títì wá, ó máa ń gbówó lórí bọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àpò owó ìkẹ́rù àti owó ìrànwọ́ ìjọba bo àṣírí yìí. Nígbà tí Ààrẹ Bola Tinubu kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, aṣọ ká kúrò lára ọ̀rọ̀ náà. Iye tí NNPC gbé jáde lẹ́yìn ọjọ́ méjì fi hàn: náírà 488 ní Èkó, náírà 500 ní Ọ̀yọ́ àti àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá yòókù, náírà 557 ní Maiduguri. Lítà kan náà ni, ọkọ̀ ojú omi kan náà ló gbé e wá. Ọ̀nà ló yàtọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ará Ìbàdàn ti ń san owó ọ̀nà láti inú àpò ara rẹ̀.

Ǹjẹ́ ilé ìfọpo lè dúró ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́?

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ìbéèrè wa. Ní 2002, ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ fún ilé-iṣẹ́ aládàáni 18 ní ìwé àṣẹ láti kọ́ ilé ìfọpo. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò kọ́ nǹkan kan, ìwé àṣẹ sì di ìwé lásán. Owó kò tó, èrè kò sì dájú nígbà tí ìjọba ṣì ń dá iye owó epo sí ojú kan. Àwọn ilé ìfọpo kéékèèké tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi láti ìgbà náà wá, ẹ wo ibi tí wọ́n wà: Ogbele ní Ìpínlẹ̀ Rivers, Ibigwe ní Ìpínlẹ̀ Ímò, níbi tí Waltersmith ti bẹ̀rẹ̀ ní 2020 pẹ̀lú àgbá 5,000 lójúmọ́, àti àwọn mìíràn ní Delta àti Edo. Gbogbo wọn ló fi ẹ̀yìn ti kànga epo. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lọ jókòó sí ìlú tí epo rọ̀bì kò sí.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò kékeré kan. Àgbá epo rọ̀bì kan jẹ́ lítà 159. Ilé ìfọpo kékeré bíi ti Ibigwe, tó ń fọ àgbá 5,000, yóò nílò lítà 795,000 lójoojúmọ́. Ọkọ̀ agbépo tí a mọ̀ jù ń gba lítà 33,000. Bí a bá kọ́ irú ilé ìfọpo bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀yìn odi Ìbàdàn tí kò sì sí ọ̀pá epo rọ̀bì, ọkọ̀ agbépo 24 ni yóò máa gbé epo rọ̀bì wọlé lójoojúmọ́, Sátidé àti Sọ́ńdè pẹ̀lú, láti Ìlàjẹ tàbí láti Delta. Lẹ́yìn èyí, ọkọ̀ mìíràn yóò tún máa kó èyí tí a fọ̀ jáde. Ọkọ̀ tí a fẹ́ dín kù lórí títì ni a tún sọ di púpọ̀ yìí.

Ohun kejì ni pé ilé ìfọpo kékeré kì í sábà mú epo bẹntiróòlù jáde. Dísù, kẹrosíìnì, epo dúdú tó nípọn, àti nàfítà ni ó ń mú jáde. Nàfítà yìí gbọ́dọ̀ tún kọjá nínú ẹ̀rọ mìíràn tó gbówó lórí gidigidi kí ó tó di bẹntiróòlù. Ẹni tó ń la pákó ní Bódìjà yóò jàǹfààní dísù náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọlọ́kadà àti onítakisí yóò ṣì dúró lórí ìlà.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé ọ̀pá epo rọ̀bì ni kí á rì wá sí Ìbàdàn, kí ó wo Kàdúná. Ilé ìfọpo tó lè fọ àgbá 110,000 ni wọ́n kọ́ síbẹ̀, iṣẹ́ tí àwọn ará Japan ṣe tó gún régé. Ṣùgbọ́n epo rọ̀bì rẹ̀ ní láti gba ọ̀pá tó lé ní 600 kìlómítà láti Escravos nípasẹ̀ Warri. Bí wọ́n bá bẹ́ ọ̀pá náà níbì kan ṣoṣo, gbogbo òṣìṣẹ́ Kàdúná yóò káwọ́ gbera. Ọdún lórí ọdún ni ilé ìfọpo ńlá yìí fi jókòó láìṣe nǹkan kan. Ní ilẹ̀ Togo, wọ́n kọ́ ilé ìfọpo sí Lomé ní ìparí àwọn ọdún 1970 nígbà tí orílẹ̀-èdè náà kò ní epo rọ̀bì tirẹ̀. Kò pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi tì í, tí àwọn àgbá ńlá inú rẹ̀ sì di ibi ìkópamọ́ epo lásán.

Àpẹẹrẹ rere náà wà, kí á má ṣe purọ́. Zinder ní orílẹ̀-èdè Niger jìnnà sí òkun ju Ìbàdàn lọ fíìfíì, síbẹ̀ ilé ìfọpo àgbá 20,000 tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 2011 ń ṣiṣẹ́. Ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n rí epo rọ̀bì ní Agadem, ilẹ̀ tiwọn, wọ́n sì ri ọ̀pá tààrà láti ibẹ̀ wá sí Zinder. Kànga, ọ̀pá àti ilé ìfọpo ni wọ́n fètò papọ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun kan ṣoṣo. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn: ilé ìfọpo dà bí ìkòkò ọbẹ̀. Ẹni tí kò ní ata, tí kò sì mọ ọ̀nà ọjà, bí ó ra ìkòkò tuntun mẹ́wàá, ebi yóò pa á sùn.

Ẹ tún wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nítòsí wa. Ilé ìfọpo Dangote, èyí tó lè fọ àgbá 650,000 lójúmọ́, Olókọ̀lá ní ààlà Ògùn àti Oǹdó ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ kọ́ ọ sí, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Lẹ́kkí ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Wọ́n ṣí i ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ó bẹ̀rẹ̀ sí mú dísù jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, bẹntiróòlù sì tẹ̀ lé e ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Ilé ìfọpo yìí, pẹ̀lú gbogbo títóbi rẹ̀ àti èbúté tirẹ̀, kò rí epo rọ̀bì tó pọ̀ tó rà nínú ilé, ó ní láti máa ra díẹ̀ láti Amẹ́ríkà. Bí erin bá ń wá koríko kiri, kí ni kí ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn ní Ìbàdàn ṣe?

Ta ló ni kọ́kọ́rọ́?

Ọ̀rọ̀ òfin náà tún wà níbẹ̀. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 fi ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì àti afẹ́fẹ́ gáàsì sí abẹ́ agbára ìjọba àpapọ̀ nìkan. Òfin epo tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ ọdún 2021 fi fífúnni ní ìwé àṣẹ ilé ìfọpo sí ọwọ́ àjọ NMDPRA. Kò sí gómìnà tó lè jí ní òwúrọ̀ kí ó ní òun ti dá ilé ìfọpo sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí ìpínlẹ̀ má ṣe dá owó pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì. A lè jẹ́ onípìn-ín níbi tí a kò ti lè jẹ́ olórí.

Ará Bódìjà pàápàá ní ẹ̀kọ́ kan láti kọ́ gbogbo ìpínlẹ̀ lórí ibi tí a lè gbé nǹkan eléwu sí. Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2024, ìbúgbàù ńlá kan mi gbogbo Ìbàdàn, ó pa ènìyàn, ó sì wó ilé tó pọ̀ ní Bódìjà Àtijọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ sọ pé ohun abúgbàù tí àwọn awakùsà tí kò gba àṣẹ kó pamọ́ sínú ilé ló fà á. Epo kì í ṣe ohun abúgbàù irú èyí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni. Ilé ìfọpo, dẹ́pò tàbí ilé epo tí a bá kọ́ sí àárín ìlú láìsí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ọjọ́ kan ni yóò fi sọ ìlú di ahoro.

Kí ni kí Ọ̀yọ́ ṣe?

Kì í ṣe pé mo ní kí á káwọ́ gbera. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ìpínlẹ̀ tó ná kọ́bọ̀ kan lórí ilé ìfọpo, kí ó kọ́kọ́ ṣe irú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní 1975, kí ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde fún gbogbo ará ìlú láti kà. Ìbéèrè márùn-ún ni ìwádìí náà gbọ́dọ̀ dáhùn. Lítà mélòó ni Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ń lò lójúmọ́, bẹntiróòlù lọ́tọ̀, dísù lọ́tọ̀? Níbo ni wọ́n ti ń gbé e wá, èló sì ni owó ọ̀nà nìkan nínú iye tí à ń rà á? Ibo ni epo rọ̀bì yóò ti wá, ta ni ó ṣèlérí rẹ̀ ní ìwé? Kí ni a óò ṣe pẹ̀lú nàfítà àti epo dúdú? Ta ni yóò sì gbèsè bí ọ̀pá bá bẹ́?

Bí wọ́n bá dáhùn márààrún pẹ̀lú òótọ́ inú, mo rò pé èsì náà yóò tọ́ka sí ibòmíràn. Àkọ́kọ́ ni ọ̀pá Mosimi sí Apátá. Ọ̀nà náà wà, ilẹ̀ rẹ̀ ti jẹ́ ti epo láti ogójì ọdún sẹ́yìn. Títún un ṣe àti dídáàbò bò ó kéré sí kíkọ́ ilé ìfọpo tuntun. Ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Kwárà ni ọ̀pá yìí gbà kọjá, ó yẹ kí ohùn wọn ṣọ̀kan ní Àbújá lórí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ DAWN tó ń rí sí ìdàgbàsókè àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá, Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀ ni ọ́fíìsì wọn wà. Wọn kò nílò láti rìn jìnnà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Èkejì ni ìkópamọ́. Ìlú tó ní epo ọ̀sẹ̀ méjì nípamọ́ fún ilé ìwòsàn, ẹ̀rọ omi àti ọkọ̀ èrò kì í fòyà nígbà tí ọ̀wọ́ngógó bá dé. Ẹ̀kẹta, bí Ọ̀yọ́ bá fẹ́ fi owó sínú ìfọpo dandan, kí ó bá Oǹdó ṣe é pọ̀ ní Ìlàjẹ, níbi tí kànga àti omi òkun wà. Ilé-iṣẹ́ Odù'a tí àwọn ìpínlẹ̀ wa jọ ni láti 1976 lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí á dín ohun tó ń mú wa wá epo kiri kù. Láti 2023 ni àtúnṣe ìwé òfin ti fún ìpínlẹ̀ láǹfààní láti pèsè iná ọba kí ó sì pín in fúnra rẹ̀. Lítà epo tí kò wọ inú jẹnẹrétọ̀ Bódìjà ni lítà epo tó rọrùn jù láti pèsè.

Ní ọdún 1975, àwọn tó wádìí ọ̀rọ̀ yìí kò ní kọ̀ǹpútà, síbẹ̀ ohun tó jáde lẹ́yìn iṣẹ́ wọn bọ́ wa fún bí ogún ọdún. Àwa tí a jogún rẹ̀ ni a kò tọ́jú rẹ̀. Bí olóṣèlú kan bá tún gbé àwòrán ilé ìfọpo wá síwájú wa nígbà ìpolongo ìbò tó ń bọ̀, ẹ má ṣe pàtẹ́wọ́ kíákíá, ẹ má sì ṣe bú u. Ẹ kan bi í léèrè pé: ọ̀nà wo ni epo rọ̀bì yóò gbà dé ibẹ̀, ọ̀nà wo sì ni epo yóò gbà dé ọ̀dọ̀ ìyá alata ní Ọjà Bódìjà? Bí kò bá rí ìdáhùn, ẹ jẹ́ kí ó gbé ìkòkò rẹ̀ padà sílé.